Ẹ Yéé Sọ fún Aboyún Pé "Má Ronú Mọ́": Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ẹrù Kúrò Lórí Rẹ̀ Nítorí Ọpọlọ Ọmọ Inú Rẹ̀

"Yéé ronú. Ó ń ṣe ọmọ inú ẹ ní jàǹbá." Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún aboyún nìyẹn, láti orí ìyá ọkọ dé orí ọlọ́kadà. Apá kejì ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ìdààmú tó bá le, tó sì pẹ́ lára ìyá, máa ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, ó sì lè kan bí ọpọlọ ọmọ náà ṣe ń dàgbà. Àmọ́ apá àkọ́kọ́ kò ṣe ẹnikẹ́ni lóore. Obìnrin tí owó ilé rẹ̀ ti pé, tí ọkọ rẹ̀ kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ láti ibi tó ti ń ṣe bíríkìlà ní Lẹ́kí, tó sì ní ẹja láti yan kí ilẹ̀ tó mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é tí kò fi ní ronú? Tẹ́ ẹ bá tún wá sọ fún un pé ìrònú rẹ̀ ló ń ba ọmọ jẹ́, ẹ ti fi kún ẹrù rẹ̀ nìyẹn.

Agbẹ̀bí ni mí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́. Àwọn tí mo kọ èyí fún ni ọkọ, ìyá ọkọ, ìyá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, alájọgbélé, ọ̀rẹ́ ìdí ọjà, gbogbo ẹni tó wà nítòsí obìnrin tó lóyún. Mo máa bá aboyún fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bá yá. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti bẹ̀rẹ̀ nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó máa dáàbò bo ọmọ yẹn, ọwọ́ yín ló wà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ọmọ

Tí ẹ̀rù bá bà wá tàbí tí ọ̀ràn bá dé, ara máa ń tú họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol kì í ṣe májèlé. Ó wà lára ohun tó ń jí wa láàárọ̀, oyún fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kó pọ̀ sí i, ọmọ sì nílò rẹ̀ kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè gbó kó tó wáyé. Olóbi, tí àwọn mìíràn ń pè ní èkejì ọmọ, ní èròjà kan tó ń pa agbára cortisol ìyá kó tó kọjá, débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Nítorí náà, ìjà ọjọ́ kan, tàbí ẹ̀rù tó bani nígbà tí mọ́tò fẹ́ gbáni, ara lè gba ìyẹn mọ́ra. Ìdààmú tí kì í lọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Tó bá ti le, tó sì di ojoojúmọ́, iṣẹ́ olóbi lè dín kù, kí cortisol tó ń kọjá sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ibi tó ń kàn jù nínú ọpọlọ ọmọ ni apá tó ń mọ ìbẹ̀rù lára, apá tó ń tọ́jú ìrántí, àti apá iwájú orí tó ń kó ìwà níjàánu.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ìyá tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ kì í sùn, kì í jẹun bó ṣe yẹ, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gòkè, ó sì lè bímọ kí oṣù tó pé. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá: ní ọ̀sẹ̀ 34, ọpọlọ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n tó máa ní ní ọ̀sẹ̀ 40.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ọkọ mọ̀. Ní January 1998, ìjì yìnyín jà ní Quebec ní Kánádà. Ó já wáyà iná lulẹ̀, àìmọye ilé sì wà nínú òkùnkùn àti òtútù. Ti àwọn mìíràn lé ní oṣù kan. Olùwádìí kan, Suzanne King, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àwọn tó lóyún nígbà ìjì náà kàn, wọ́n sì ń wo ọmọ wọn bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Bí ìyà tó jẹ ìyá ṣe pọ̀ tó, ìyẹn iye ọjọ́ tí kò fi sí iná, bóyá ó fi ilé sílẹ̀, bóyá ó pàdánù owó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sísọ àti òye ọmọ rẹ̀ ṣe rẹlẹ̀ sí nígbà tí ọmọ náà pé ọdún 2. Ìyàtọ̀ náà ṣì hàn nígbà tí wọ́n lé ní ọdún 5. Ní ti òye àti ọ̀rọ̀ sísọ, ìyà náà gan-an ló tọ́ka sí ìyàtọ̀ yìí, ju bí ìyá ṣe sọ pé ọkàn òun dàrú tó lọ. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdí nìyẹn tí "má ronú" kò fi tó. Ìyà ni kí ẹ dín kù.

Kí ẹ̀rù má sì bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tọ pinpin ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí ní 1991 àti 1992. Àwọn ọmọ tí àníyàn ìyá wọn pọ̀ jù lọ nínú oyún ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ewu ìṣòro ìwà tàbí ti ọkàn ní ọmọ ọdún 4. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gan-an kò ní ìṣòro kankan. Ewu ni, kì í ṣe àyànmọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ bi í nípa ẹrù, ẹ má bi í nípa ìrònú

Tẹ́ ẹ bá bi aboyún pé "Kí lò ń rò?", ó máa ní kò sí. Ìtìjú ni, ẹ̀kọ́ ilé sì ni. Obìnrin kan wá sọ́dọ̀ wa láti ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, èéfín ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ pọ́n kankan, ìfúnpá rẹ̀ sì ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀.

"Ìyàwó wa, kí ló ń dà yín láàmú?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí Nọ́ọ̀sì."

"Ó dáa. Ta ló ń bá yín pọnmi?"

"Èmi náà ni."

"Ta ló ń to ẹja sórí ààrò?"

"Èmi náà ni, mà."

"Lóru ńkọ́, tí ọmọ kékeré bá jí?"

Ó fi etí ìró nu ojú. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó jáde: owó tó yá tó ń san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń gba owó náà tí wọ́n máa ń wá jókòó síwájú ilé, ìyá ọkọ tó ní kó má sọ ọ́ síta.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé kan. Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń ṣe láti ìgbà tó bá jí títí dé ìgbà tó bá sùn: omi, èédú, ọmọ wẹwẹ, oúnjẹ ilé, ọjà, aṣọ fífọ̀, gbèsè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ ẹlòmíràn tó máa gbà á. Ibi tí kò bá ti sí orúkọ, ẹ lọ wá ẹni náà: àbúrò ọkọ, ọmọ alájọgbélé tó lè máa sin àwọn ọmọ lọ síléèwé. Ẹ má gbìyànjú láti gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ gba omi àti ẹrù ríru ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì gba ọmọ tó ń jí lóru ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Oorun tó bá padà sójú ìyá, ọmọ inú rẹ̀ jàǹfààní rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Èéfín

Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, ẹja yíyan ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé. Mi ò ní sọ fún ìyá tó ń ti ibẹ̀ jẹun pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àìrówó náà ìdààmú ni. Àmọ́ èéfín tí aboyún ń fà símú lójoojúmọ́ lè mú kí ọmọ kéré ju bó ṣe yẹ nígbà tí wọ́n bá bí i. Ẹ yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Kí ẹlòmíràn dúró ti iná, kí òun máa ṣa ẹja, kó máa kó o sínú agbọ̀n, kó máa tà á lọ́jà Olúwo. Tí kò bá sí ẹlòmíràn, kí ààrò wà ní gbangba, kó sì máa dúró sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá. Kó sì jẹ nínú ẹja náà. Èròjà tó ń kọ́ ọpọlọ ọmọ pọ̀ nínú ẹja, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí ìyá tó ń ta ẹja tí ń fi gààrí lásán sùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀rọ̀ owó, ẹ sọ ọ́ síta

Ẹ̀yin ọkọ, dídákẹ́ yín ń dẹ́rù ba ìyàwó ju àìní lọ. Ẹ mú iye tó wà lọ́wọ́ yín jáde, ẹ kà á lójú rẹ̀, ẹ sọ èyí tí kò sí. Ẹ lọ sí ibi tó ti forúkọ sílẹ̀, ẹ béèrè iye tí ìbímọ máa ná yín àti àwọn ohun tí wọ́n ní kí ẹ rà, kí ẹ máa rà wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ẹ dá àjọ kan lọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. Ẹ béèrè nípa ILERA EKO, ètò ìlera adójútòfò ti Ìpínlẹ̀ Èkó, kí ẹ mọ ohun tó bò nínú ìtọ́jú aboyún. Tí gbèsè bá wà, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá ẹni tó yá yín lówó sọ̀rọ̀, kó má ṣe jẹ́ òun.

Ẹ tún ṣètò ọkọ̀ ọjọ́ ìbímọ. Ẹni tó ń gbé létí ọ̀sà, tàbí tí ilé rẹ̀ jìnnà sí títì, gbọ́dọ̀ mọ ọlọ́kọ̀ tàbí awakọ̀ ojú omi tó máa gbé e lóru, kó ní nọ́ńbà rẹ̀ lórí fóònù, kí owó rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Aboyún tó bá mọ ẹni tó máa gbé òun, oorun rẹ̀ máa ń dára sí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ṣọ́ ẹnu yín

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, nítorí pé a kì í kà á sí ìdààmú. Ẹnì kan á ríran sí aboyún pé òun rí pósí. Òmíràn á ní àwọn ará ilé ọkọ ti so oyún náà mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní kó wá ṣe ìsọ́ òru, kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ. Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rù ló ń bá a jí, ìbẹ̀rù ló ń bá a sùn, kò sì lè jẹun nílé ìyá ọkọ rẹ̀ mọ́. Èmi náà ń gbàdúrà, mi ò sì bá ẹ̀sìn ẹnikẹ́ni jà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ẹni tó bá ríran kó gbé e lọ sínú àdúrà, kó má gbé e lọ bá aboyún. Tó bá sì di dandan kí ó sọ ọ́, kó sọ fún ọkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi aboyún sínú ààwẹ̀ láìjẹ láìmu.

Ìtàn ẹni tó kú sórí ìkúnlẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ fi í pa mọ́. "Ọkùnrin la fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí o" náà, ẹ fi í pa mọ́. Kò sí ohun tó lè ṣe sí i.

Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lù ú nílé, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ àmúmọ́ra. Ẹ má sọ fún un pé kó fara dà á nítorí oyún. Nítorí oyún gan-an ni kò fi gbọdọ̀ fara dà á. Ẹ mú un lọ sí ibi tí ara ti máa tù ú, ẹ pe 112, ẹ sì kàn sí DSVA, àjọ Ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bá a lọ fún àyẹ̀wò

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá ní 2016 pé kí aboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán ìgbà 8, kí èkíní sì wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 àkọ́kọ́. Fólíìkì (folic acid), oògùn ẹ̀jẹ̀, oògùn tó ń dènà ibà láti ọ̀sẹ̀ 13, àwọ̀n ẹ̀fọn: gbogbo rẹ̀ ló kan ọpọlọ ọmọ, torí ẹ̀jẹ̀ tí kò tó àti ibà ń fi ebi pa ọmọ nínú. Kí ẹni tó ń retí oyún ti bẹ̀rẹ̀ fólíìkì ṣáájú, nítorí pé nǹkan bí ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí oyún bá dúró ni ìpìlẹ̀ ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti máa ń pa dé, ìyá lè má tíì mọ̀ pé òun lóyún nígbà yẹn. Tí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àbíyè, ẹ forúkọ sílẹ̀ ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gbogbo nǹkan pe ìrònú. Orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú, inú tó ń dun ún lókè, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, ọmọ tí kò rìn bó ṣe máa ń rìn: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní wákàtí yẹn, ì báà jẹ́ Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ tàbí ti Àgbówà, èyí tó bá sún mọ́ yín jù.

Ẹ̀yin aboyún gan-an

Ìdààmú tó bá yín kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ yín. Ẹ kò ba ọmọ yín jẹ́ nítorí pé ẹ sunkún. Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí ẹ lè ṣe fún ara yín láìná kọ́bọ̀.

Nígbà tí àyà bá ń já, ẹ jókòó, ẹ fi ọwọ́ lé ikùn. Ẹ fi imú fa èémí wọlé bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 4, ẹ tú u jáde láti ẹnu pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹ ṣe ń ka 1 dé 6. Ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mímí jáde tó gùn ju mímí sínú lọ ló ń jẹ́ kí ọkàn rọra máa lù. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹnì kan bá yín rìn. Láti ọ̀sẹ̀ 28, ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ẹ má fi ọtí tàbí páráàga lé ìdààmú lọ: ọtí ń kọjá lọ bá ọmọ, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ tí a lè ní kò léwu fún ọpọlọ rẹ̀. Ẹ yan ẹnì kan tí ẹ lè sọ òótọ́ fún, tí kì í gbé ọ̀rọ̀ kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì yìí. Láti oṣù kan sí ìsinsìnyí, ṣé inú mi máa ń bàjẹ́ tàbí kí n rí i bíi pé kò sí ìrètí lọ́pọ̀ ìgbà? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ mi tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ mi mọ́? Tí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún agbẹ̀bí yín ní àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Ó lè fún yín ní ìbéèrè 10 kan tí wọ́n ṣe ní Edinburgh ní 1987, tí àwọn dókítà wa ti dán wò láàárín àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ẹ kò dá wà: Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn ilẹ̀ bíi tiwa, nǹkan bí 15.6 nínú 100 aboyún ló ń ní irú àìsàn ọkàn bẹ́ẹ̀, ìsoríkọ́ ló sì wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìtọ́jú wà fún un, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Tó bá le, wọ́n á darí yín sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn wárápá tàbí ti ọpọlọ tẹ́lẹ̀, kó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ nítorí oyún. Kó lọ bá dókítà lọ́jọ́ tó bá mọ̀ pé òun lóyún. Tí èrò pé kí ẹ pa ara yín bá sì wá sí yín lọ́kàn, ẹ má dúró de àyẹ̀wò kankan. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nítòsí yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ jọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Tí oyún bá ti jẹ́ oyún ìdààmú, tí ọmọ sì ti dé

Àwọn ìyá kan á ka èyí pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, wọ́n á ní ó ti pẹ́ jù. Kò tíì pẹ́ jù. Àwọn olùwádìí ní Lọ́ńdọ̀nù wọn cortisol nínú omi tó yí ọmọ ká nínú ilé ọmọ, wọ́n sì dán òye ọmọ wò nígbà tó pé oṣù 17. Níbi tí cortisol ti pọ̀, òye ọmọ rẹlẹ̀, àmọ́ láàárín àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ni èyí ti hàn. Lára àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá wọn, wọn kò rí i.

Nítorí náà, ẹ gbé ọmọ lé àyà, awọ ara sí awọ ara, láti wákàtí tó bá ti dé. Ẹ fún un ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà. Tó bá ké, ẹ dá a lóhùn. Ọmọ tuntun kì í bàjẹ́ nítorí pé a gbé e. Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Láti inú oyún ló ti ń gbọ́ ohùn yín, ó sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn nígbà tó dé. Ẹ máa kì í. Oríkì tí ìyá àgbà ń fi jí i láàárọ̀, tó ń wo ojú rẹ̀ tó ń dúró kó dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín, iṣẹ́ ọpọlọ gan-an ni, ẹ má jẹ́ kó parẹ́ nínú ilé yín.

Ẹ̀yin ìyá àgbà tẹ́ ẹ wá wẹ ọmọ, tẹ́ ẹ bá ti wẹ̀ ẹ́ tán, ẹ gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó lè sùn. Omijé àti ìbínú kékeré ní ọ̀sẹ̀ kìíní wọ́pọ̀. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ wo ọmọ, tàbí tó ń sọ pé òun kò wúlò, ẹ mú un padà sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà. Tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, tí kò sùn rárá, tó ń sọ̀rọ̀ ségesège, tàbí tó ní òun fẹ́ ṣe ara òun tàbí ọmọ ní jàǹbá, ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà, kí ẹnì kan gbé ọmọ tẹ̀lé wọn.